Ikọ́ tí Màmá Mi Ń Fi Omi Bò

Oṣù mẹ́rin gbáko ni màmá mi fi ń fọ ẹsẹ̀ nínú ilé wa kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fọ̀. Láràárọ̀, wọ́n á wọ balùwẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀, omi á sì máa dà ṣáá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí wọ́n bá jáde, ojú wọn á ti pọ́n, wọ́n á rọra di ògiri mú títí dé orí àga. Tí mo bá béèrè, wọ́n á ní, "Ẹsẹ̀ ni mo ń fọ̀. Ẹsẹ̀ àgbà gba sùúrù." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò bá ìyá rẹ̀ jiyàn lórí ẹsẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀?

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa tì mí lójú títí dòní ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Èémí ni iṣẹ́ mi. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń tọ́jú àwọn tí kò lè mí dáadáa nílé ìwòsàn kan ní Dallas níbí. Èmi ni àwọn nọ́ọ̀sì máa ń pè tí àyà aláìsàn bá há. Mo lè dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kí n wo bí èjìká ẹnì kan ṣe ń lọ sókè sódò, kí n sì ti mọ̀ bóyá yóò nílò ẹ̀rọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Màmá mi sì wà nínú àpátímẹ́ǹtì mi ní Lake Highlands, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá wọn àti tèmi, wọ́n ń wúkọ́ bí ẹni tí ìfun rẹ̀ fẹ́ já, omi nìkan ni èmi ń gbọ́.

Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Èmi kì í ṣe ẹni tí ọpẹ́ tètè ń wá sí lẹ́nu, ìbínú ló tètè máa ń wá sí tèmi. Bàbá mi ni mo jọ níbi ìyẹn. Gíga wọn, imú wọn, ìrìn wọn, àti inú tó máa ń yára hó, gbogbo rẹ̀ ni mo kó. Láti kékeré ni màmá mi ti máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àlejò: "Mo kàn bá wọn gbé èyí pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án ni. Kò mú nǹkan kan lára mi." Àlejò á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó máa ń dùn mí díẹ̀. Ọmọ wo ni kò fẹ́ jọ ìyá rẹ̀ níbì kan?

Ní Floyd, ìlú kékeré kan níta Dallas, ni àṣírí ti kọ́kọ́ tú. Ìjọ wa ń ṣe ìpàgọ́ níbẹ̀ nígbà ooru, ilẹ̀ náà tẹ́jú lọ súà, ibi tí a gbé ọkọ̀ sí sì jìnnà sí gbọ̀ngàn. Èmi àti màmá mi jọ ń rìn lọ. Wọ́n dúró lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní gèlè wọn ń tú. Wọ́n dúró lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ń kí obìnrin kan tí wọn kò mọ̀ rí, wọ́n bi í léèrè ilé, ọmọ, àti ìlú tó ti wá. Nígbà tí wọ́n dúró lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí gèlè, kò sí obìnrin. Wọ́n kàn dúró. Mo wá wo ẹnu wọn. Wọ́n ti ká ètè wọn jọ bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ iná, wọ́n sì ń rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn aláìsàn mi gan-an nìyẹn, àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ màmá mi. Ara wọn ló wá a rí fúnra rẹ̀.

"Màmá, ó ti tó ìgbà wo?"

"Kí ló ti tó ìgbà wo?"

"Èémí yín."

"Kò sí nǹkan tó ṣe èémí mi. Ilẹ̀ yìí ló gùn jù. Ìjọ tó bá fẹ́ kí èèyàn gbàdúrà, kí wọ́n má kọ́kọ́ fi ìrìn pa á."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, n kò lè rín in. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a padà délé, mo lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn balùwẹ̀, mo gbé etí mi lé e. Lábẹ́ ariwo omi yẹn ni mo ti gbọ́ ọ. Ikọ́ tó jinlẹ̀, tó tutù, tó ti pẹ́ nínú ilé. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ mi, mo sì pẹ́ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Dókítà tí mo mú wọn lọ bá jẹ́ obìnrin kan tó ti ń dàgbà, tó máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ tábìlì tó bá ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí màmá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ, ó ya àwòrán àyà wọn, ó gba ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí kì í lọ bọ̀rọ̀ ni, irú èyí tó sábà máa ń ṣe àwọn amusìgá. Ó wá béèrè pé sìgá mélòó ni wọ́n ń mu lójúmọ́. Mo túmọ̀ ìbéèrè náà, ǹ bá má ti túmọ̀ rẹ̀.

"Sìgá?" Màmá mi fa ara wọn sókè lórí àga. "Ṣé ojú mi jọ ojú ẹni tó ń mu sìgá ni? Èmi tí mo fi Bíbélì kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní ìwé kíkà fún ọgbọ̀n ọdún?"

Mo ṣàlàyé fún dókítà fúnra mi. Èéfín ni, kì í ṣe sìgá. Ní abúlé wọn lẹ́bàá Abẹ́òkúta, láti ọmọ ọdún méje ni màmá mi ti ń bá ìyá wọn yan gaàrí lábẹ́ àtíbàbà tí kò ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ. Igi tútù, agbada ńlá, èéfín tó ń ta lójú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n bí mi, wọ́n pọ̀n mí wọ inú rẹ̀. Gaàrí yẹn ló rán mi níléèwé, òun ló ra bàtà tí mo fi wọ yunifásítì. Dókítà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Nígbà náà, ìyá rẹ ti fi ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sanwó ìwé rẹ." N kò túmọ̀ ìyẹn fún màmá mi. N kò lè ṣe é.

Ó fún wọn ní ínhélà méjì, oògùn tí wọ́n á máa fà sínú àyà. Ó tún sọ pé fítámì D tó wà lára wọn kéré gan-an, pé tí ó bá kéré tó bẹ́ẹ̀, àyà tó ti ṣàárẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í lè bá otútù àti kòkòrò àrùn jà dáadáa. Ó kọ kápúsù fún wọn, ó sì ní kí wọ́n máa jókòó síta kí oòrùn bá wọn lára díẹ̀ láràárọ̀.

Mo délé, mo mú bébà, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì: OORUN, OGUN ISEJU LARAARO, KI E TO JEUN. Iṣẹ́ ń dúró dè mí, ta ló ráyè àmì ohùn?

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, a padà lọ. Fítámì náà kò kúrò níbi tó wà. Dókítà bi mí bóyá wọ́n ń jókòó sínú oòrùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, dájúdájú, ìyá mi kì í fi àṣẹ ṣeré. Mo yíjú sí wọn kí wọ́n jẹ́rìí sí i.

"Màmá, ẹ ń gba oòrùn yín láràárọ̀, àbí?"

"Oòrùn wo?"

"Èyí tí mo kọ sára fìríìjì."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó já kulẹ̀ nínú ìdánwò. "Oorun lo kọ. Oorun sì ni mò ń sùn. Màá jí, màá wẹ̀, màá múra tán, màá tún padà lọ dùbúlẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ó ń ni mí lára o, torí oorun ti tán lójú mi. Mo kàn ní bóyá bí wọ́n ṣe ń wo ikọ́ sàn ní Amẹ́ríkà nìyẹn."

Mo bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Dókítà fẹ́ mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó yé e pé lédè wa, bí o bá gbàgbé ilà kékeré méjì, oòrùn á di oorun. Màmá mi kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. "Ọmọ tí mo fi gaàrí rán níléèwé," ni wọ́n ń sọ títí a fi dé ibi ọkọ̀, "kò lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé àga lọ sí bàkónì wa. Wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì sínú oòrùn, wọ́n á máa kí gbogbo ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀, ní Yorùbá. Kò pẹ́ tí àwọn ará Mẹ́síkò tó wà nísàlẹ̀ wa fi ń dáhùn "káàárọ̀ o, Màmá." Èmi alára ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, n kò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Màmá mi ń lo kápúsù, wọ́n ń gba oòrùn, wọ́n ń fa ínhélà. Síbẹ̀, nígbà tí oṣù méjì mìíràn fi máa pé, nọ́ńbà fítámì náà kàn gbéra díẹ̀ ni, ó tún jókòó padà.

Ìgbà yẹn ni dókítà sọ̀rọ̀ kejì. Ó ní oòrùn nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Tí oòrùn bá bá awọ ara, ohun tó bá ibẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ dé ẹ̀dọ̀, kó tún dé kíndìnrín, kó tó di ohun tí ara lè lò. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń rù ú kiri bí alábàárù. Irú alábàárù tí olúkúlùkù ní, ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá rẹ̀ ló ti gbà á, wọn kò sì rí bákan náà. Ti ẹlòmíì máa ń rù púpọ̀, ti ẹlòmíì díẹ̀. Ó fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ màmá wò láti mọ irú èyí tí wọ́n ní, ó sì ní kí èmi náà ṣe é, nítorí ọmọ ni mí. Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì pa á dé pé irú nǹkan báyìí máa ń sáré nínú ìdílé, ìyẹn ni pé ó máa ń ti ara òbí dé ara ọmọ.

Màmá mi wò mí. "Kí ló wí?"

Mo ti gba ìsinmi wákàtí méjì péré níbi iṣẹ́, mo ń wo aago. Mo ní, "Ó ní àrùn ìdílé ni."

Ẹyin lohùn. N kò tilẹ̀ gbọ́ ìgbà tó fọ́. Mo kàn rí i pé wọ́n gbé báàgì wọn lé orí itan, wọ́n sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nọ́ọ̀sì wọlé láti gba ẹ̀jẹ̀. Màmá mi fa apá bùbá wọn bo ọwọ́ wọn. "Ẹ̀jẹ̀ mi kò sí fún títà," ni wọ́n wí, wọ́n dìde, a sì lọ sílé.

Láti ọjọ́ yẹn, bàkónì ṣófo. Ínhélà wà lórí tábìlì láìlò. Omi balùwẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà láràárọ̀, ó tilẹ̀ ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n ní kí n wá ọkọ̀ òfuurufú fún àwọn, àwọn ń lọ sílé. Mo bínú, mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ bá ìyá rẹ̀ sọ. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ kú ni. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kú, àwọn kàn fẹ́ lọ kí Sátidé tó ń bọ̀ tó pé.

Sátidé yẹn ni a fẹ́ lọ sí Duncanville, lọ́dọ̀ àwọn òbí ọkùnrin tí ọmọ mi fẹ́ fẹ́. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ni. Dallas ni a bí i sí, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń bá ṣiṣẹ́, ó sì fẹ́ràn ìyá ìyá rẹ̀ débi pé òun ló máa ń kun èékánná fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sóhun tó lè mú kí wọ́n sá fún ọjọ́ rẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

Wọ́n fa ẹsẹ̀ wọn sókè sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá mi, ikọ́ ló pa wọ́n," ni wọ́n wí. "O kò mọ̀ wọ́n. Kí n tó pàdé bàbá rẹ, mo ní àfẹ́sọ́nà kan. Tíṣà ni. Èèyàn dáadáa. Àwọn ará ilé rẹ̀ wá ṣe ìwádìí wa, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọn ò bi wá ní nǹkan kan, aládùúgbò ni wọ́n lọ bi. Aládùúgbò ní àrùn ìdílé ń bẹ nílé wa, pé ikọ́ ni. Wọn ò padà wá mọ́. Ìyá mi sì gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, tí ikọ́ bá ti ń bọ̀, wọ́n á sáré lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á máa da omi láti inú garawa kan sí òmíràn, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Omi yẹn ni mò ń gbọ́ títí wọ́n fi kú." Wọ́n mí díẹ̀. "Ìwọ náà wá jókòó níwájú òyìnbó, o pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ní oṣù tí ọmọ mi ń lọ ilé ọkọ."

Ọ̀rọ̀ tí mo jù sílẹ̀ nítorí aago, òun ni ìyá àgbà mi gbé lọ sí sàréè. Mo sunkún. Màmá mi fi etí ìró wọn nu ojú mi, bẹ́ẹ̀ àwọn ló yẹ kí n máa tù nínú.

Lẹ́yìn náà mo bi wọ́n pé, "Bàbá mi ńkọ́? Àwọn kò ṣe ìwádìí ni?"

Ẹ̀rín kékeré yọ lójú wọn. "Èmi fúnra mi ni mo sọ fún wọn. Mo ní ikọ́ ń bẹ nílé wa o. Wọ́n ní, 'Ta ni kì í wúkọ́?'"

Ẹnu ìyẹn la wà nígbà tí ọmọ mi wọlé pẹ̀lú ike àwọ̀ èékánná rẹ̀. Ó rí ojú àwa méjèèjì, ó dúró. Mo sọ ìwọ̀nba tó yẹ kó mọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá ìyá rẹ̀, ó fi Yorùbá rẹ̀ tó máa ń ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn sọ pé: "Grandma, àwa ti do ìwádìí ti wa. Genotype. Èmi AA, òun AS. First thing tí mo bi í nìyẹn, kí a tó jẹun gan-an. It's fine."

Màmá mi mi orí. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù dáadáa. Kò sí ìjọ wa kan, nílé tàbí ní Dallas, tó máa so tọkọtaya pọ̀ láìbéèrè rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti wá sí mi lórí.

Mo ní, "Màmá, AS tí ọkọ ọmọ yín jẹ́ yìí, ṣé àrùn ni?"

"Rárá o. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn."

"Ta ló fún un?"

"Ta ni ì bá fún un bí kò ṣe àwọn òbí rẹ̀?"

"Ó wá jẹ́ nǹkan ìtìjú bí?"

"Ìtìjú ti jẹ́? Ó yẹ kí èèyàn sọ ọ́ ni. Àwọn tí kì í sọ ọ́ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀."

Wọ́n gbọ́ ohun tí ẹnu wọn sọ. Mo rí i lójú wọn. N kò jẹ́ kó tutù, mo ní, "Ohun tí dókítà sọ nìyẹn, Màmá. Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n sọ. Kò sọ pé àrùn ìdílé ni. Àbùdá ni. Bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe ń ru oúnjẹ oòrùn ni wọ́n fẹ́ mọ̀, bóyá alábàárù yín lágbára tàbí kò lágbára. Èéfín gaàrí ló ba ẹ̀dọ̀fóró yín jẹ́. Ìyá yín náà, ó jọ pé èéfín yẹn náà ni. Abẹ́ àtíbàbà kan náà lẹ jọ wà."

"Èéfín," ni wọ́n wí.

"Èéfín ni, Màmá."

"Àbùdá," ni wọ́n tún wí, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Wọ́n wá kọjú sí mi. "Kí ló dé tí o kò kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀? Lákọ̀ọ́kọ́ o pàdánù àmì, lẹ́ẹ̀kejì o pàdánù ọ̀rọ̀. Owó ìwé rẹ yẹn, ó ń ṣe mí bí kí n gbà á padà."

Ọjọ́ kejì ni a lọ gba ẹ̀jẹ̀, èmi àti àwọn, àga méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ fún ohun tí mo fi ìbínú sọ. Wọ́n ní ta ló ń ka ọ̀rọ̀ ọmọ bàbá rẹ̀ sí.

Dókítà kò jẹ́ kí èsì náà pẹ́. Ó pè wá ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ méjì ṣáájú Sátidé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó sì gbé bébà méjì kalẹ̀. Àbùdá tó fura sí náà wà lára màmá mi: alábàárù wọn jẹ́ irú èyí tí kì í ru púpọ̀. Ó sọ òtítọ́ fún wa. Ó ní àwọn kan rò pé ẹni tó bá ní irú rẹ̀ lè tètè fara gbọgbẹ́ tí èéfín bá wọ àyà rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò, òun kò sì ní purọ́ fún wa. Ohun tó dá òun lójú ni pé kí a má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn nìkan máa dẹ́rù bà wá mọ́, òun yóò yí bí wọ́n ṣe ń lo kápúsù padà, òun yóò máa wo bí wọ́n ṣe ń mí àti bí wọ́n ṣe ń rìn. Kí wọ́n má sì fi ínhélà ṣeré. Ó wá ti bébà kejì sí iwájú mi. Tèmi ni. Ó fi ìka sí ìlà kan lórí ti màmá mi, ó fi ìka sí ìlà kan náà lórí tèmi. Lẹ́tà kan náà ló wà níbẹ̀.

Mo túmọ̀ rẹ̀, mo sì rọra túmọ̀ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo rí i tí omi gba ojú màmá mi.

"Ohun tí mo wá fún ọ nìyí?" ni wọ́n wí. "Nínú gbogbo nǹkan tí mo ní?"

Ká sọ òótọ́, ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ohun tí ẹ̀dọ̀fóró lè fojú èèyàn rí ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n inú mi dùn, ó dùn débi tí n kò lè fi pamọ́. Èmi kò pẹ́ nínú èéfín bíi tiwọn. Wọ́n ti yan gaàrí kí n má baà yan án. Bébà yẹn sì ni ohun àkọ́kọ́ láyé mi tó sọ pé n kò jọ bàbá mi nìkan.

Mo ní, "Màmá, ẹni bíni là á jọ. Àádọ́ta ọdún ni ẹ fi ń sọ fún àlejò pé n kò mú nǹkan kan lára yín. Ó wà nínú ìwé báyìí. Ẹ̀yin ni mo jọ."

Wọ́n gba bébà náà lọ́wọ́ mi. Wọn kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìka wọn sí ìlà yẹn, wọ́n sì gbé tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ká bébà méjèèjì pọ̀, wọ́n fi wọ́n sínú Bíbélì wọn. Títí di òní, n kò tíì rí tèmi gbà padà.

Ní Sátidé, a lọ sí Duncanville. Ọkọ mi, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tó sì sábà máa ń wà lójú fíríwéè, ti ṣètò kó lè wà nílé, òun ló wà wá lọ. Ilé náà mọ́ tónítóní, wọ́n ti se ìrẹsì, àwọn òbí ọkọ ọmọ mi kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún màmá mi bí ẹni pé Abẹ́òkúta la wà. A jẹun. Ọ̀rọ̀ ń dùn lọ. Mo ń wo màmá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, mo rí i tí àyà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mo tún rí i tí ojú wọn lọ sí ọ̀nà balùwẹ̀.

Wọn kò dìde. Wọ́n di apá àga mú, wọ́n sì wo ojú ìyá ọkọ ọmọ mi.

"Àna wa," ni wọ́n wí, "kí ẹ tó máa bi aládùúgbò, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi. Ikọ́ ń bẹ láyà mi. Èéfín ló kó o sí mi, kì í ran èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ mi kì í ru oòrùn dáadáa, ọmọ mi yìí náà bẹ́ẹ̀. Ó lè wà lára ọmọ-ọmọ mi, ó lè máà sí níbẹ̀. Àbùdá wa ni. Mo ní kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ọmọ mi di ọwọ́ ọkùnrin rẹ̀ mú. Ìyá ọkọ náà dìde, n kò sì mọ ibi tó ń lọ. Ó lọ sídìí fèrèsé, ó fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, oòrùn ọ̀sán wọlé wá tẹ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó gbé àga kan tó ní tìmùtìmù síbẹ̀, ó sì padà wá di màmá mi lọ́wọ́ mú.

"Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún wa," ló wí. "Ẹ wá jókòó síbí. Ìhín ni oòrùn wà."

Wọ́n lọ, wọ́n jókòó sínú rẹ̀. Ìgbà náà ni ikọ́ yẹn dé. Màmá mi sì wú u, wọ́n wú u dáadáa, lójú gbogbo wa, títí tó fi tán. Kò sẹ́ni tó ṣí omi.